Bọ́ọ̀sì Morákinyọ̀ Tó Ń Mu Ọ́ìlì

Gbogbo ojúlé tó wà ní àdúgbò Morákinyọ̀ ní Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó ló mọ ohùn bọ́ọ̀sì rẹ̀. Bó bá ti tan án láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wúkọ́ bí àgbàlagbà tó ń ti orí ibùsùn dìde, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa kùn, tí gíláàsì fèrèsé ilé tó kọjú sí i á máa gbọ̀n. Àwọn ayálégbé tuntun a máa ráhùn. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ kì í sọ̀rọ̀, nítorí ó ṣòro láti rí ẹni tí bọ́ọ̀sì yẹn ò gbé aláìsàn rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn rí, tàbí tí kò bá kó ẹrù wálé.

Bọ́ọ̀sì náà kì í ṣe èwe mọ́. Epo dísù ló ń mu, imú rẹ̀ gùn síwájú, ọ̀dà funfun ara rẹ̀ sì ti ṣá, ó ti di àwọ̀ ẹ̀kọ àná. Ọ̀nà Jíbówú sí Iléṣà ni Morákinyọ̀ fi í ná títí irun orí òun fúnra rẹ̀ fi di funfun. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, tí àwọn bọ́ọ̀sì tuntun tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí èrò lára sì gba ọjà mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́, ó fi gáréèjì sílẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀ ló máa ń gbé lọ sóde, tàbí kó bá àwọn aláṣọ Tejúoṣó kó ẹrù lọ sí Ìjẹ̀bú.

Àga iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ti Caroline ìyàwó rẹ̀ ni. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Caroline ní Yábàá kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku, ohùn kejì ló sì ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bí wọ́n bá ń lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà nígbà Kérésì, ọsàn ló máa ń bó láti Lagos títí dé Ifẹ̀. Á yọ kóró rẹ̀ kúrò, á wá fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀. Bí ọsàn bá tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ́ńjìnnì kọrin. Kò ní la ẹnu. Á kàn máa kùn sábẹ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà, á máa gòkè bí ọkọ̀ bá ń gòkè, á máa sọ̀ bó bá ń sọ̀. Nígbà mìíràn á dánu dúró lójijì, á ní, "Bàbá Rónkẹ́, ohùn rẹ̀ yí padà o." Bí Morákinyọ̀ bá sì ṣí bónẹ́ẹ̀tì, á bá nǹkan níbẹ̀ lóòótọ́.

Rónkẹ́ nìkan ni wọ́n bí. Ó lọ sí Kánádà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì lóyún níbẹ̀. Caroline lọ bá a tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n jọ fẹnu kò sí. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, Rónkẹ́ ń padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò mójú tó ọmọ. Kí èyí tó yanjú, oyún kejì dé. Morákinyọ̀ ò fìgbà kankan sọ pé rárá. Ohun tó ń sọ lórí fóònù ni pé kò sí wàhálà, kí ó fara balẹ̀ tọ́jú àwọn ọmọ, pé òun wà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan ṣe di méjì, tí èkejì náà sì kọjá.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń rí ara wọn lórí fóònù, tí Morákinyọ̀ bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ilẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ Ìsinmi yẹn, Caroline ń ròyìn fún un bí yìnyín ṣe mú wọn mọ́ ilé ìtajà, ó wá ní, "Ọlọ́run ló yọ wá, a ṣáà délé." Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Morákinyọ̀ bá a rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ọ̀rọ̀ "ilé" yẹn ò kúrò létí rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo àga tí Caroline fi kọ́tìnnì àtijọ́ rán aṣọ fún. Kò tilẹ̀ rántí pé òun ò tíì jẹun.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì.

Ó gbé ẹgbẹ́ akọrin lọ sí Badagry, ó wá ń rí i pé àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn òun ń tan iná sí òun. Ọkùnrin kan wakọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kí Bàbá wo ẹ̀yìn wọn. Èéfín tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo títì. Nígbà tí wọ́n dúró, Morákinyọ̀ fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ. Orí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló tutù. Bẹ́ẹ̀ ó kún kó tó kúrò nílé. Láti ọjọ́ náà, kò jáde mọ́ láìgbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì sẹ́yìn àga. Bó bá lọ Ìjẹ̀bú bọ̀, á bu sí i. Bó bá yí ká inú Lagos lásán, èyí tí yóò bù sí i tún máa ń ju ti Ìjẹ̀bú lọ, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ fi hàn ò tilẹ̀ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ òórùn èéfín, ó rí èéfín, ó ní ríìngì, irin róbótó tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè síbi tí epo ti ń jóná, ti jẹ, pé ẹ́ńjìnnì ti parí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ní kó yọ ẹ́ńjìnnì dísù náà sọnù, kí òun bá a fi ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tó ń mu bẹntiróòlù sí i. Julius, àbúrò Caroline, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Yábàá, wá kí i ní ọjọ́ Sátidé kan, ó sì bá a nídìí bọ́ọ̀sì, gbogbo apá rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. Julius jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Ó ní òun mọ àwọn tó ń ra irin àlòkù ní Ìjọra, pé wọn á wá gbé e, Ẹ̀gbọ́n ò ní ní wàhálà kankan. Ó wá bi í pé kí ló kù tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì náà ṣe gan-an.

Morákinyọ̀ mú àkísà, ó ń nu gíríìsì apá rẹ̀. Kò lè sọ fún ọkùnrin tó jẹ́ àna rẹ̀ pé bí òun bá fẹ́ rántí bí ìyàwó òun ṣe ń jókòó, inú bọ́ọ̀sì yẹn lòun ń lọ. Kò lè sọ pé òun ti pinnu pé lọ́jọ́ tí Caroline bá dé, òun ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ míràn gbé e láti pápákọ̀ òfurufú, pé tààrà ni àwọn yóò gba Ìpetu lọ, sínú ilé kékeré tí àwọn jọ kọ́ tí àwọn ò tíì sùn nínú rẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan papọ̀. Ó kàn ní òun á rò ó.

Kò rò ó. Lọ́jọ́ Ajé, ó wa bọ́ọ̀sì lọ sí Mushin, sọ́dọ̀ Taoheed.

Taoheed ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ẹ́ńjìnnì dísù nìkan ló ń ṣe, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sì ti ń dín kù. Wọ́n ti mọra láti ìgbà Jíbówú. Ó jẹ́ kí Morákinyọ̀ ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ tán, ríìngì, tòkúnbọ̀, Ìjọra, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì kì í rá. Bí kò bá jò sílẹ̀, tí kò wọ inú omi, a jẹ́ pé ó ń jóná. Ẹ jẹ́ ká mọ èyí tó ń ṣe ká tó mọ ibi tó ń gbà."

Ó ní kí bọ́ọ̀sì náà sùn sọ́dọ̀ òun. Ó tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Morákinyọ̀ padà dé láàárọ̀, páálí náà gbẹ, àfi ojú kan ṣoṣo bí ọ̀rínrín. Taoheed ní ìyẹn ò tó nǹkan, kò sí arúgbó tí kì í sun. Ó ṣí ìdérí omi rádíétọ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, kò sí ọ̀rá lójú omi. Ó ní kí Morákinyọ̀ tan ọkọ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì lọ dúró sẹ́yìn, wọ́n ń wo èéfín. Bó bá jẹ́ dúdú ni, epo dísù ló pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń wò yìí jọ aró tí wọ́n fi omi là. Ọ́ìlì ló ń jóná, kò sí àní-àní.

"Ríìngì náà nìyẹn," ni Morákinyọ̀ wí. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Taoheed ní kò tíì yá. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì gbé ìdérí náà lé ojú ihò rẹ̀ láìdé e. Ó ní bó bá jẹ́ pé ríìngì ti jẹ, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì á ti í dànù ni. Ìdérí náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, kò fò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó tú àwọn nọ́sù tó ń fọ́n epo, ó sì fi aago kan sójú ihò kọ̀ọ̀kan láti mọ bí písítìnnì ṣe lágbára tó láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ̀kẹta rẹlẹ̀ díẹ̀ sí àwọn yòókù, bí ó ti yẹ kó rí fún ẹ́ńjìnnì tó ti rin ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó ti kú. Ó wá ku rọ́bà orí fáàfù, tí ọ́ìlì lè gba ibẹ̀ wọlé bó bá ti jẹ. Ìyẹn náà, Taoheed ní ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ láàárọ̀ ló máa ń rú èéfín jù, á sì mọ́ tó bá yá. Ti bọ́ọ̀sì yìí ò mọ́.

Ó jókòó sórí táyà kan, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ọ̀nà pin mọ́.

Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn tí fóònù Morákinyọ̀ dún. Caroline ni. Kì í sábà pè láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì yára gbé e. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì ń sùn ni, ó jí, ilé dákẹ́, ó wá ní kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ hàn nínú fóònù, gèlè kékeré tó fi ń sùn ṣì wà lórí rẹ̀. Ó bi í pé ibo nìyẹn. Morákinyọ̀ yí fóònù, ó fi bọ́ọ̀sì hàn án, bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ẹ tan án fún mi kí n gbọ́," ló wí.

Taoheed ti dá àwọn nọ́sù padà, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó tan án. Caroline ń tẹ́tí. Morákinyọ̀ ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́, ó sì rí ètè rẹ̀ tó pa dé, bó ṣe máa ń pa á dé bó bá fẹ́ kùn. Kò kùn. Ó ní ohùn rẹ̀ ò burú, pé ó kàn dà bí ẹni tó rẹ̀. Ó wá bèèrè bí ẹni pé ọ̀rọ̀ míràn ló ń sọ, "Bíréèkì yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́? Ọjọ́ tí a sọ̀kalẹ̀ lórí afárá Ìjọra yẹn, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ tí mo rìnrìn-àjò wá síbí ni. Mo gbàdúrà lórí rẹ̀ nínú bàálù."

Morákinyọ̀ ní bíréèkì ò ṣe nǹkan, pé ó le díẹ̀ ni, pé ó ti mọ́ òun lára.

Taoheed pa ẹ́ńjìnnì. Ó ti inú bọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀, ó sún mọ́ fóònù, ó kí Màmá dáadáa, ó bèèrè àwọn ọmọ, ó wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn sọ. Caroline tún un sọ. Taoheed yíjú sí Morákinyọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ fún mi pé bíréèkì le."

"O ò bi mí. Ọ́ìlì ni mo bá wá."

"Ọ̀kan náà lè ni wọ́n."

Ó wá ṣàlàyé. Nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, pọ́ńpù kékeré kan wà níwájú tó ń fa afẹ́fẹ́ kí bíréèkì lè rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló sì ń mú kó máa yọ̀. Awọ rọ́bà kan ló wà láàárín, tó pààlà sí ọ̀nà ọ́ìlì àti ọ̀nà afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí pọ́ńpù náà bá fà, inú ẹ́ńjìnnì ló ń tú u sí, níbi tí epo ti ń jóná. Bí awọ rọ́bà bá ya, bíréèkì á le, pọ́ńpù á sì máa fa ọ́ìlì mọ́ afẹ́fẹ́, á máa bu ú fún ẹ́ńjìnnì jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì fi ń tán nínú Lagos, níbi tí ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí bíréèkì, ju ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ. Wọ́n ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kì í gba ibẹ̀ lọ.

Caroline ò gbé fóònù kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí i. Taoheed tú okùn rọ́bà tó ti ara pọ́ńpù wọ ẹ́ńjìnnì, inú rẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀. Ó wá ike omi kan tó mọ́ gaara, ó ti ẹnu okùn náà bọ̀ ọ́, ó fi àkísà dì í mú, ó sì ní kí Morákinyọ̀ tan ọkọ̀, kó máa tẹ bíréèkì, kó máa gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kò pẹ́ rárá tí ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ sínú ike náà, kíún, kíún, títí ó fi bo ìdí rẹ̀. Èéfín ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì sì ń fẹ́lẹ́ sí i.

Lórí fóònù, ọmọ kan ti jí, ó ń sunkún. Caroline ní ó ti yé òun, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó lọ.

Taoheed rí awọ rọ́bà náà rà ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Ládípọ̀, lára pọ́ńpù tí wọ́n tú. Kí ó tó dè é mọ́ ọn, ó fi ti àtijọ́ han Morákinyọ̀. Ó ya láti etí kan, ó sì hàn pé yíya náà ti pẹ́, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń fẹ̀ sí i. Taoheed ní bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ́ńjìnnì á máa mu ọ́ìlì dípò epo, tí á máa sáré fúnra rẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ pa á. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mú un mọ́ra jù. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló ń sọ. Ṣùgbọ́n bí Morákinyọ̀ ṣe ń wakọ̀ lọ sílé, tí bíréèkì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìrọ̀rí, tí kò sí ẹni tó ń tan iná sí i lẹ́yìn, inú rẹ̀ ò dùn tó bó ti rò pé yóò dùn. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Ojúẹlẹ́gba, ó wo àga iwájú. Eruku ti bo aṣọ tí Caroline fi ìyókù kọ́tìnnì àtijọ́ yẹn rán fún òun náà. Ó fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n. Ó wá rí i pé láti ọjọ́ tí Caroline ti lọ, òun ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó, kò sì sí ẹni tí òun sọ ìdí rẹ̀ fún, títí kan Caroline.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n tún pàdé lórí fóònù. Caroline bèèrè bọ́ọ̀sì kó tó bèèrè àlàáfíà ọkọ rẹ̀. Morákinyọ̀ sọ fún un pé ọ́ìlì ò tán mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló wá rọra mú ọ̀rọ̀ míràn wọlé, pé Rónkẹ́ ti rí iṣẹ́ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn òru ni wọn yóò máa pè é sí, pé ọ̀rọ̀ wíwálé tí àwọn ti ń sọ fún Kérésì yìí, bóyá kí àwọn sún un díẹ̀ síwájú.

Ibi tó yẹ kí Morákinyọ̀ ti sọ pé kò sí wàhálà nìyẹn. Ó ti gbé e dé orí ahọ́n. Ó sì gbé e mì.

"Caroline," ló wí, "mo fẹ́ kí o máa bọ̀ nílé."

Caroline gbé fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀.

"Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu yín?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti pápákọ̀ òfurufú padà dé."

"Ẹ ò sọ ọ́ rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá bèèrè, ẹ ní ẹ wà dáadáa. Mo ní bóyá ó ti mọ́ yín lára."

"Kò mọ́ mi lára."

Caroline fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Ó sọ fún un pé inú òun kì í dùn bí òun bá gbọ́ "kò sí wàhálà" yẹn, pé òun máa ń gbé fóònù kalẹ̀, òun á sì máa rò ó pé ṣé ilé ò wá ní àyè fún òun mọ́ ni. Ó tún sọ fún un pé èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn kì í sùn bí kò bá di ìró òun mú, pé bí òun bá rò ó pé òun á já ọwọ́ kékeré yẹn kúrò lára aṣọ òun, omi ń bọ́ lójú òun. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Morákinyọ̀ jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó kàn ní òun gbọ́. Wọ́n wo ara wọn báyìí títí tí ẹnì kan fi pe Caroline láti inú ilé. Ó ní òun á bá Rónkẹ́ sọ̀rọ̀.

Ó bá a sọ ọ́. Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ pe bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó sunkún, ó ní òun ò mọ̀. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n lè máa gbé àwọn ọmọ sí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dúró de irú àyè bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dá ọjọ́ kan pàtó. Caroline ní òun ń bọ̀. Ó sọ ọ́ lọ́nà tí kò gbà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì gbà á gbọ́, àmọ́ ìgbàgbọ́ yẹn ò dín ìrora ilé tó dá wà kù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó pọ̀ sí i ni. Ẹni tí kò retí nǹkan kan a máa sùn. Ẹni tó bá ń retí, gbogbo ìró géètì ló ń gbọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, Morákinyọ̀ ní kí òun lọ ṣí ilé Ìpetu sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ ọ́. Kó tó lọ, ó yà ní Tejúoṣó lọ́dọ̀ Àǹtí Basheerah, ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ tó máa ń bá kó ẹrù. Kọ́tìnnì ló fẹ́, fún yàrá. Àǹtí Basheerah bi í pé báwo ni fèrèsé ṣe gùn tó. Kò wọ̀n ọ́n. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, obìnrin náà fi ojú wọn ọwọ́ rẹ̀, ó sì gé e. Ó yan aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó kéékèèké, ó ní àwọn obìnrin tó lójú ló máa ń mú irú rẹ̀.

Ó dá wakọ̀ lọ. Ojú ọ̀nà mọ́, bọ́ọ̀sì ń lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń lọ láyé Jíbówú. Kò tan rédíò. Nígbà tó kọjá Ifẹ̀, tí òkè bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé òun ń sọ̀rọ̀, pé òun ń fi ilé epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ han ẹnì kan, òun sì ń dárúkọ àwọn tó ti kú lójú ọ̀nà yẹn. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó tún ń bá a lọ, kò sì dá ara rẹ̀ lẹ́kun mọ́.

Ní Ìpetu, opó kan wà tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, Ìyá Àdùfẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bó ṣe gbọ́ ohùn bọ́ọ̀sì ló jáde, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó sì wo ẹnu ọ̀nà iwájú bọ́ọ̀sì náà, ó ń dúró kí ó ṣí. Nígbà tí kò ṣí, ó bèèrè Ìyá Rónkẹ́. Ọdọọdún ló ń bèèrè rẹ̀, ọdọọdún ni Morákinyọ̀ sì ń dá a lóhùn pé ó wà dáadáa, ó ń kí yín.

"Mo ní kó máa bọ̀, Ìyá," ló sọ lọ́tẹ̀ yìí. "Kò tíì lè dá ọjọ́."

Ìyá Àdùfẹ́ mi orí. Ó ní ọ̀nà jìn. Ó wọlé, ó mú ọwọ̀ jáde, ó sì bá a gbá iwájú ilé láìsọ ohunkóhun mọ́.

Morákinyọ̀ ṣí gbogbo fèrèsé. Ó gbé tìmùtìmù síta sínú oòrùn, ó lu eruku rẹ̀ jáde, ó fọ ilẹ̀ yàrá títí tí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gun àga, ó fi kọ́tìnnì kọ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Kò kan ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ó fi ìwọ̀n ọwọ́ kan kúrú, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sì ń ti abẹ́ rẹ̀ wọlé sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ó mọ ohun tí Caroline yóò sọ. Ó mọ bí yóò ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, tí yóò gbé ọwọ́ kan lé ìbàdí, tí yóò bèèrè pé ta ló wọn fèrèsé yìí. Obìnrin kan wà ní ẹ̀bá ọjà Ìpetu tó ń rán aṣọ, tó lè bá a fi kún un láàárọ̀ ọ̀la kí òun tó padà sí Lagos. Morákinyọ̀ rò ó díẹ̀. Ó wá jókòó sí etí ibùsùn, ó kọjú sí fèrèsé náà, ó sì fi kọ́tìnnì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ de ìbéèrè Caroline.